Ìyá aláta fi bọ́ọ̀lù orí fóònù na àwọn ọkùnrin l'Olódì-Àpápá, ṣùgbọ́n níbo lowó wà?

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lọ́sẹ̀ yìí kì í ṣe ti olè, kì í sì í ṣe ti tọkọtaya tó ń jà ní kóòtù. Ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni. Ẹ̀yin ìyá mi tẹ́ ẹ ti ń ṣí ìwé lọ sójú ewé mìíràn, ẹ dúró ná, torí pé ìyá bíi tiyín, aláta ní Boundary, ló wà nídìí ẹ̀. Obìnrin yìí bọ́ sáàárín ọkùnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì lù wọ́n bí ẹni lu bàrà. Ìgbà tó wá ku kówó jáde ni wàhálà dé.

Ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan wà ládùúgbò wa níhìn-ín, lẹ́bàá ọ̀nà Kírikírì. Ibẹ̀ ni mo ti ń gẹrun. Ibẹ̀ náà ni àwọn wẹ́dà, télọ̀, mẹkáníìkì àtàwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ ní wáàfù ti máa ń pàdé ní Sátidé àti Sọ́ńdè láti wo bọ́ọ̀lù àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Láti ọdún 2015 ni wọ́n ti ní líìgì kan láàárín ara wọn, líìgì orí fóònù tí wọ́n ń pè ní fántásì. Ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé eré ọmọdé ni. Kì í ṣe eré ọmọdé o. Mo mọ àgbàlagbà kan tí kò bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀ fún odidi ọ̀sẹ̀ kan nítorí ẹ̀.

Ìdí tó fi jẹ́ 2015 ni pé ọdún yẹn ni Odion Ighalo, ọmọ Ajégúnlẹ̀ tiwa, ọmọ tó ti gbá bọ́ọ̀lù ní pápá tí gbogbo wa ń pè ní Maracana, bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù fún Watford nínú Premier League. Góòlù 15 ló gbá wọlé ní sáà náà. Lọ́jọ́ 20 oṣù December 2015, tí Watford na Liverpool ní 3-0, méjì nínú ẹ̀, Ighalo ló gbá a wọlé. Ariwo tó sọ ládùúgbò lọ́jọ́ náà, ẹ óò rò pé iná dé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta ni. Gbogbo ọmọ àdúgbò ló fẹ́ kí Ighalo wà nínú ẹgbẹ́ tòun, bí líìgì ṣọ́ọ̀bù náà ṣe fìdí múlẹ̀ nìyẹn. Àmọ́ nígbà tí January 2016 kọjá tán, góòlù wá wọ́n lẹ́sẹ̀ Ighalo. Àwọn tó gbọ́n tà á. Àwọn tó ní àwọn ò lè ta ọmọ ìyá àwọn, wọ́n gbé e dání títí tó fi pọ́n wọn lójú. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, n óò padà síbẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Àwọn tó ni Premier League yóò fún ọ ní mílíọ̀nù páùn 100. Ẹ má tíì dìde jó o, owó orí fóònù lásán ni, kò ṣe é ra ata ẹyọ kan. Wàá fi owó náà ra agbábọ́ọ̀lù 15: gólì méjì, ẹlẹ́yìn márùn-ún, ẹni àárín márùn-ún, oníwájú mẹ́ta. O ò gbọdọ̀ ra ju mẹ́ta lọ nínú kíláàbù kan. Àwọn tó o rà yìí ò mọ̀ ẹ́ rí, wọn ò sì ní mọ̀ ẹ́ láéláé, ṣùgbọ́n ohunkóhun tí wọ́n bá ṣe lórí pápá lọ́hùn-ún, ìwọ lo ni pọ́íǹtì ẹ̀. Oníwájú tó bá gbá góòlù wọlé mú mẹ́rin wá, ẹni àárín márùn-ún, ẹlẹ́yìn mẹ́fà. Ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù fún ẹni tó gbá a wọlé gba mẹ́ta. Káàdì pupa yóò yọ mẹ́ta. Wàá yan ẹnì kan ní balógun, ohun tí balógun bá mú wá á di ìlọ́po méjì. Ọ̀sẹ̀ 38 ni, láti August títí di May.

Àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà ló dá irú eré báyìí sílẹ̀, kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Béésíbọ́ọ̀lù, èyí tí wọ́n ń fi igi gbá, wà lára ohun tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe é. Lọ́dún 1980, òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Daniel Okrent àtàwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ dá líìgì kan sílẹ̀ lórí ẹ̀. Ilé oúnjẹ kan ní New York tó ń jẹ́ La Rôtisserie Française ni wọ́n ti ń pàdé. Wọ́n ń ra agbábọ́ọ̀lù lórí ìwé, wọ́n sì ń ka pọ́íǹtì látinú ohun tí ìwé ìròyìn bá gbé jáde. Ibi tí wọ́n ti ń sun ẹran ni rôtisserie lédè Faransé. Tiwọn bẹ̀rẹ̀ nídìí ẹran sísun, tiwa wà nídìí ìgbàjámọ̀. Ní England, Andrew Wainstein gbé ti bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ jáde ní 1991, nígbà tó sì di 2002, Premier League dá tiwọn sílẹ̀. Ní sáà 2024 sí 2025, ẹgbẹ́ tó ń ṣe é káàkiri ayé lé ní mílíọ̀nù 11.

Àwọn bàbá kan ládùúgbò ń pè é ní tẹ́tẹ́ púùlù. Mi ò bá wọn jiyàn púpọ̀, ṣùgbọ́n wọn ò jọra. Ẹni tó ń ta púùlù láyé àtijọ́, bó bá ti fàmì sórí kúpọ́ọ̀nù ẹ̀, ó di kó jókòó ti rédíò ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Eléyìí, oṣù mẹ́sàn-án lèèyàn fi ń tọ́jú ẹ̀, bí ẹni ń tọ́jú ìsọ̀.

Owó wá ń kọ́? Fántásì fúnra ẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ló fowó sí i. Ní August 2024, èèyàn 16 dá ₦5,000 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, gbogbo ẹ̀ di ₦80,000. Ẹni tó bá gbapò kìíní yóò gba ₦50,000, ẹnì kejì ₦20,000, ẹnì kẹta ₦10,000. Ọ̀gá onígbàjámọ̀ ló ń tọ́jú owó, òun náà sì ń bá wọn díje. Èmi náà wà níbẹ̀. Ipò kọkànlá ni mo ṣe, ẹ má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọmọkùnrin ìyá aláta yìí wà lára àwọn 16. Nígbà tó di October, ó rí iṣẹ́ sínú ọkọ̀ apẹja tó ń ti Àpápá lọ sójú òkun. Bí ọkọ̀ bá ti wọ agbami, nẹ́tíwọ̀kì parí nìyẹn, ó sì lè tó ogójì ọjọ́ kí wọ́n tó fojú kan ilẹ̀. Ọmọ náà mọ̀ pé bí òun bá fi ẹgbẹ́ òun sílẹ̀ láìtọ́jú, ₦5,000 òun ti wọgbó. Ló bá fi fóònù ẹ̀ àtijọ́ lé ìyá ẹ̀ lọ́wọ́, ó ní, "Màámi, ẹ ṣáà máa bá mi wo ibí yìí ní gbogbo ọjọ́ Fúráìdè."

Ìyá wo fóònù, ó wo ọmọ. Nígbà yẹn, bẹ́ ẹ bá pe Salah sétí ẹ̀, sàláàdì ni yóò rò pé ẹ ń wí.

Mo bi í léèrè lẹ́yìn ìgbà náà pé báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ọmọ oníwèé ìròyìn, kí ló le níbẹ̀? Owó ọwọ́ ẹ ò tó ra gbogbo ọjà. Bó o bá kó gbogbo owó lé tàtàṣé, kí lo fẹ́ fi ra rodo? Kí lo fẹ́ fi ra àlùbọ́sà? Oníbàárà tó bá dé tí ò bá rodo nílẹ̀, á bá tiẹ̀ lọ ni."

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé. Nígbà tí sáà bẹ̀rẹ̀, Erling Haaland ti Manchester City jẹ́ mílíọ̀nù 15, Mohamed Salah ti Liverpool 12.5, Cole Palmer ti Chelsea 10.5. Ẹni tó bá ra mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mílíọ̀nù 38 ti lọ, 62 ló kù tí yóò fi ra èèyàn 12. Ọmọ ti ra Haaland. Ohun tí ìyá kọ́kọ́ ṣe ni pé ó ta Haaland. Àwọn ọkùnrin fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Ó fi owó náà kó àwọn olówó pọ́ọ́kú tó ń ṣiṣẹ́ jọ: Chris Wood ti Nottingham Forest, tí owó ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti mílíọ̀nù mẹ́fà, tó sì gbá góòlù 20 wọlé kí sáà tó parí, Alex Iwobi tiwa ní Fulham, 5.5 péré, góòlù mẹ́sàn-án. Àti Ọlá Àínà, ọmọ Yorùbá tó ń gbá ẹ̀yìn fún Forest, tí owó ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 4.5. Gólì Forest, Matz Sels, bọ́ọ̀lù 13 ni kò jẹ́ kí góòlù kankan wọlé. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, bí Àínà bá wà lórí pápá dáadáa, pọ́íǹtì mẹ́rin ń bọ̀ wá sí Boundary láìjẹ́ pé ó gbá nǹkan kan wọlé.

Ọjà náà sì ń gbówó lórí o, bí ọjà tiwa. Bí èèyàn púpọ̀ bá ń ra agbábọ́ọ̀lù, owó ẹ̀ á gòkè díẹ̀díẹ̀. Bó o bá wá rà á ní 6.0 tó di 6.4, tó o fẹ́ tà á, 6.2 ni wọ́n máa san fún ọ. Nígbà tí mo sọ èyí fún ìyá náà pé òfin wọn ni, ó dáwọ́ ata tó ń ṣà dúró. "Ta ló wá ń kó ìdajì èrè lọ?" Mi ò mọ ohun tí mo lè fi dá a lóhùn.

Ohun mìíràn tún wà. Ẹnì kan péré lo lè pààrọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́sẹ̀ kan, bó ò bá sì pààrọ̀, wàá fi ti ọ̀sẹ̀ yẹn pamọ́ di ọ̀sẹ̀ mìíràn. Bó o bá fẹ́ ju ohun tó o ní lọ, wọ́n á yọ pọ́íǹtì mẹ́rin lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀gá onígbàjámọ̀ kì í lè mú sùúrù. Bí Mọ́ńdè bá ti dé, tó rí i pé ẹnì kan gbá góòlù méjì, á sáré rà á. Lọ́sẹ̀ kejì onítọ̀hún ò ní gbá nǹkan kan, á tún sáré tà á. Èlé ni ìyá aláta ń pe pọ́íǹtì mẹ́rin yẹn. Ó ní òun ò yá owó èlé láti fi ra ata, kí lòun fẹ́ yá a fi ra òyìnbó sí? Nínú gbogbo oṣù méje tó fi tọ́jú ẹgbẹ́ náà, ẹ̀ẹ̀kan péré ló san mẹ́rin yẹn.

Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé ìyá yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ wa ni Sátidé, ọjọ́ 7 December 2024. Everton àti Liverpool ló yẹ kó kọ́kọ́ gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé Salah ni gbogbo wa fi ṣe balógun. Láàárọ̀ kùtù, ìjì líle tí wọ́n sọ ní Darragh jà lọ́hùn-ún, wọ́n sì kéde pé bọ́ọ̀lù ò ní wáyé. Títí di agogo méjìlá ọ̀sán tiwa ni àyè ṣì wà láti pààrọ̀. Ta ló mọ̀? Sátidé ni o! Orí oníbàárà ló wà lọ́wọ́ onígbàjámọ̀, iná ló wà lójú wẹ́dà, èmi ń sùn. Ìyá aláta ti lọ sí Mile 12 ó sì ti dé, nítorí àfẹ̀mọ́jú ni wọ́n ń lọ. Ọmọ kékeré kan tó ń ṣe POS légbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ló rí i lórí fóònù, tó sọ fún un. Ó bi ọmọ náà ní ìbéèrè kan ṣoṣo: "Nínú àwọn tó kù, èwo ló máa ń gba pẹnárítì?" Wọ́n ní Palmer ni. Ó fi Palmer ṣe balógun. Lọ́jọ́ kejì, Chelsea lọ na Tottenham nílé wọn ní 4-3, Palmer gbá pẹnárítì méjì, méjèèjì wọlé. Látọjọ́ náà ni wọ́n ti dẹ́kun yẹ̀yẹ́.

Mi ò ní máa ka ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan fún yín, ilẹ̀ á ṣú. Ẹ ṣáà mọ̀ pé nígbà tó fi di May 2025, àwọn méjì ló kù nínú ìjà náà. Ọ̀gá onígbàjámọ̀ wà nípò kìíní, ìyá aláta ń tẹ̀lé e tímọ́tímọ́. Liverpool ti gba ife láti ọjọ́ 27 April, tí wọ́n na Tottenham ní 5-1. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta tí wọ́n gbá tẹ̀ lé e, Salah ò gbá góòlù kankan wọlé. Gbogbo èèyàn ní ó ti jẹun yó, ó ń sinmi. Haaland ní tiẹ̀, tó ti fara pa láti òpin March, ti padà. Ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn dé, ọ̀gá onígbàjámọ̀ ta Salah, ó fi owó ẹ̀ ra Haaland, ó sì fi Haaland ṣe balógun. Àwa tí a wà ní ṣọ́ọ̀bù sọ pé ọpọlọ ńlá ni.

Ìyá aláta ò ta Salah. A bi í pé kí ló dé. Ó ní: "Oníbàárà tó ti ń rajà lọ́wọ́ mi láti August, tí kò bá yà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ṣé n óò wá bá a kọjú sí ogiri ni?" Ẹ rántí àwọn tó gbé Ighalo dání lọ́dún 2016, irú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ náà nìyí, ó sì ba tiwọn jẹ́. Nítorí náà mi ò ní sọ fún yín pé ọgbọ́n ni ìyá fi ṣe ti ọjọ́ yẹn. Ó lè jẹ́ oríire.

Sọ́ńdè, ọjọ́ 25 May, agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, gbogbo bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ti Liverpool àti Crystal Palace ló wà lórí tẹlifíṣọ̀n ṣọ́ọ̀bù. Ìṣẹ́jú kẹsàn-án, Ismaila Sarr gbá góòlù wọ ilé Liverpool. Ìṣẹ́jú 68, Gravenberch ti Liverpool gba káàdì pupa, ó ku mẹ́wàá lórí pápá. Ìṣẹ́jú 72, fóònù ẹnì kan dún: Haaland ti gbá pẹnárítì wọlé ní Fulham! Ṣọ́ọ̀bù dàrú. Ọ̀gá onígbàjámọ̀ ju táwẹ́ẹ̀lì sókè, ó dì mọ́ mi, òógùn ẹ̀ kún mi lára. A ṣírò ẹ̀: ó fi pọ́íǹtì méjì ju ìyá lọ.

Ìṣẹ́jú 84. Salah. Góòlù.

Ẹni àárín ni wọ́n ka Salah sí, góòlù ẹ̀ márùn-ún ni, balógun ni, ó di mẹ́wàá. Pọ́íǹtì méjì dẹ̀yìn, mẹ́jọ lọ síwájú, bọ́nọ́sì tí wọ́n ń fi kún un lálẹ́ kò sì lè yí i padà mọ́. Mo wo ọ̀gá onígbàjámọ̀. Ojú ẹ̀ rí bákan. Mo rò pé ìrora bọ́ọ̀lù lásán ni, mi ò mọ̀ pé nǹkan mìíràn wà nínú ẹ̀.

Ìyá fúnra ẹ̀ ò sí níbẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè, ṣé ìgbà yẹn laláta máa wá jókòó wo bọ́ọ̀lù? Ọmọ iṣẹ́ télọ̀ ló sáré lọ bá a nídìí ìsọ̀. Ó ń wọn rodo fún oníbàárà lọ́wọ́. Ó ní, "Ṣé ó ti parí ni?" Ọmọ ní ó ku ìṣẹ́jú mẹ́fà. "Padà lọ wò ó parí."

Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn ẹ̀, Sọ́ńdè ọjọ́ kìíní oṣù June, gbogbo wa pé jọ kí wọ́n lè san owó. Ọ̀gá onígbàjámọ̀ mú ìwé ẹ̀ jáde. Ó ní òfin ni òfin. Orúkọ ọmọ ló wà nínú ìwé, ọmọ ló sanwó, ṣùgbọ́n ọmọ ò ṣe é láti October. Ìyá ló ṣe é, ìyá ò sì sanwó. Ó ní nítorí náà ẹgbẹ́ yẹn ò sí nínú líìgì mọ́, ẹnì kejì ló ni ipò kìíní.

Kí n má purọ́ fún yín, àwọn kan fara mọ́ ọn, èmi gan-an mi orí. Ọ̀rọ̀ náà ní ìtumọ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ìyá aláta ò sọ nǹkan kan, ó kàn ń tú gèlè ẹ̀, ó ń wé e padà. Mo ti gbọ́ pé ó ti kó báàgì ata méjì láwìn ní Mile 12 lórí owó yìí, tó sì ti dá ọjọ́ fún wọn.

Ọ̀gá wẹ́dà ló sọ̀rọ̀, òun ló dàgbà jù nínú wa. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ yín dáa. Àmọ́ ẹ gbé owó náà sórí tábìlì yìí ná, ká tó máa jà lórí ẹni tó ni ín."

Kẹ́kẹ́ pa. Ọ̀gá onígbàjámọ̀ mú kílípà, ó fi sílẹ̀, ó tún mú un. Nígbà tó yá ló jẹ́wọ́. Ní February, lánlọ́ọ̀dù fi owó kún owó ṣọ́ọ̀bù, ó sì fún un ní ọ̀sẹ̀ kan. Ó kó ₦80,000 náà sí i. Èrò ẹ̀ ni pé òun á dá a padà kí May tó dé, kò sì rí i dá padà. Lẹ́yìn náà ló wá gbọ́kàn lé e pé bí òun bá lè gbapò kìíní, ₦50,000 ti di tòun nínú gbèsè yẹn, kò ní í pọ̀ mọ́ láti wá ìyókù. Ìgbà yẹn ló yé mi ìdí tó fi ń fi pọ́íǹtì mẹ́rin-mẹ́rin ra èèyàn bí ẹni ń lá àlá burúkú.

Télọ̀ tó gbapò kẹta ti dìde, ó fẹ́ gbá a mú. Ìyá aláta ní kó jókòó.

"Ọ̀gá báábà, ṣé ẹ rí owó ṣọ́ọ̀bù náà san?"

"Mo san án, Màmá. Ẹ má bínú."

"Ó dáa. Owó mi ti wọ inú ṣọ́ọ̀bù yìí nìyẹn. Ẹ máa fi orí gẹ́gẹ́ san án fún mi."

Bí wọ́n ṣe parí ẹ̀ rèé. ₦20,000 ẹnì kejì, tiẹ̀ ni, ó ti jẹ ẹ́, ó parí. Ó ku ₦60,000: ti ìyá 50, ti télọ̀ 10. Ó rí ₦15,000 kó jọ lọ́jọ́ náà, wọ́n fi mẹ́wàá san ti télọ̀, ìyá gba márùn-ún. Ó ku ₦45,000. Ẹgbẹ̀rún kan náírà lorí kan, ìyẹn orí 45. Gbogbo ẹni tó wà nínú líìgì, bó bá gẹrun, kò gbọdọ̀ sanwó fún onígbàjámọ̀ mọ́, inú agolo mílíìkì kan lórí ìsọ̀ ìyá aláta ni yóò sọ owó sí. Àwọn oníbàárà tó ń bọ̀ láti ìta, tiẹ̀ ni wọ́n, kó máa fìyẹn jẹun.

Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gẹrun l'Olódì-Àpápá nínú June yẹn! Mo ti gẹrun lọ́jọ́ márùn-ún ṣáájú, mo tún gẹ ẹ́, orí mi ń kọ mànà. Mẹkáníìkì kan kó ọmọkùnrin ẹ̀ mẹ́ta wá lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá wẹ́dà, tí àárín orí ẹ̀ ti pá láti ọjọ́ tó ti pẹ́, jókòó sórí àga bí olówó, ó ní kí wọ́n gẹ èyí tó bá kù. Ọ̀gá onígbàjámọ̀ ò rẹ́rìn-ín ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kejì, òun fúnra ẹ̀ ló ń gbé agolo lọ wò. Ọjọ́ 22 June ni orí 45 pé.

Ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ fún Mile 12. Ìyá ti lọ bẹ̀bẹ̀, wọ́n fún un ní àyè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, wọ́n sì sọ fún un pé láwìn ti tán láàárín àwọn. Títí di bí mo ṣe ń kọ eléyìí, owó ọwọ́ ló fi ń rajà níbẹ̀. Kò sọ èyí fún onígbàjámọ̀. Èmi ló sọ ọ́ fún, ó sì ní kí n má dárúkọ òun.

Ọmọ dé láti ojú òkun ní July. Ó gbọ́ pé ẹgbẹ́ òun gba ife, inú ẹ̀ dùn débi pé ó gbé ìyá ẹ̀ sókè nínú ọjà. Alẹ́ ọjọ́ náà ló bèèrè owó. Ìyá ka ₦5,000 fún un.

"Màámi, ₦50,000 mà ni."

"₦5,000 lo dá. Gbà á. Èrè, èmi ni mo ṣòwò ẹ̀."

"Ẹgbẹ́ mi ni!"

"Ẹgbẹ́ ẹ tó o fi Haaland kún?"

Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ṣọ́ọ̀bù, ṣọ́ọ̀bù pín sí méjì, kò tíì padà pọ̀. Àwọn kan ní owó ọmọ ni, torí ẹni tó bá ni oko ló ni èso, ẹni tó bá a ro ó á gba owó ọ̀yà. Èmi ní tèmi, ti ìyá ni mo wà. Ọmọ fi ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tó wà nípò kẹrìnlá. Mo ní ìwé lọ́wọ́, mo wò ó. Bí kò bá sí ìyá, ₦5,000 yẹn náà kò ní padà. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bó bá jẹ́ pé ìyá fìdí rẹmi ni, kò sẹ́ni tí yóò ní kó san ₦5,000 ọmọ padà, ọ̀rọ̀ yẹn ò sì jẹ́ kí n lè fọwọ́ sọ̀yà.

Sáà tuntun bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ 15 August 2025. Ìyá ti dá ₦5,000 tiẹ̀, orúkọ ẹ̀ wà nínú ìwé báyìí. Ọmọ náà dá tiẹ̀. Owó ò sí lọ́wọ́ onígbàjámọ̀ mọ́, báńkì ló wà, èèyàn mẹ́ta ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kó tó jáde. Wọ́n sì ti fi òfin tuntun kún fántásì: ẹlẹ́yìn tó bá gba bọ́ọ̀lù lẹ́sẹ̀ ọ̀tá, tó dí i, tàbí tó gbá a dànù, tí gbogbo ẹ̀ bá pé mẹ́wàá nínú bọ́ọ̀lù kan, á gba pọ́íǹtì méjì. Ìyá aláta fẹ́ràn òfin yìí púpọ̀. Ó ti ń wá àwọn ẹlẹ́yìn bẹ́ẹ̀ kiri, àwọn olówó pọ́ọ́kú.

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ kọ̀wé sí mi: ta ló ni ₦50,000, ìyá ni tàbí ọmọ? Ẹ kọ orúkọ yín àti iṣẹ́ ọwọ́ yín sí i. Èyí tó bá dé kí Ọjọ́rú tó pé, n óò kà á fún wọn ní ṣọ́ọ̀bù ní Sátidé. Bí ẹ bá sì fẹ́ gẹrun, àyè wà.